Ẹ̀rọ Ìgbowó Tí Kò Ní Ọ̀gá: Láti Èkó Dé Àwọn Òkè Ìdáàṣà

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ kún títì ní Èkó, Abùjá àti àwọn ìlú mìíràn ní Nàìjíríà, wọ́n ń ké gbàjarè lórí ìwà àwọn ọlọ́pàá SARS. Lára àwọn tó ń kó owó jọ fún oúnjẹ, omi, ìtọ́jú ilé ìwòsàn àti owó agbẹjọ́rò ni ẹgbẹ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Feminist Coalition. Ẹgbẹ́ náà kò tíì pẹ́ nílẹ̀. Oṣù keje ọdún yẹn gan-an ni Damilola Odufuwa, Odunayo Eweniyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá a sílẹ̀. Owó ń wọlé láti tilé-toko. Àfi bí ojú ìwé tí wọ́n fi ń gbowó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe dédé kú, tí àkáǹtì wọn ní báńkì náà sì takú.

Bitcoin ni wọ́n yíjú sí. Wọn kò lọ bẹ ilé-iṣẹ́ kankan pé kó bá wọn gbà á: ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ BTCPay Server ni wọ́n gbé kalẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, Jack Dorsey, tó jẹ́ ọ̀gá Twitter nígbà náà, pín àdírẹ́sì ojú ìwé ìdáwó wọn fún àwọn tó ń tẹ̀lé e. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà fi máa dá owó gbígbà dúró ní ọjọ́ 22, gbogbo ohun tó ti wọlé, náírà àti bitcoin papọ̀, ti lé ní mílíọ̀nù 147 náírà.

Àwọn èèyàn rántí owó náà, wọ́n rántí ìjà náà. Ẹ̀rọ tó gbà á ni kò sẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ béèrè nípa rẹ̀.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ BTCPay ni Nicolas Dorier, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń gbé ní Japan. Ní ọdún 2017, inú bí i sí ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba bitcoin, ó sì sọ ní gbangba pé òun máa kọ ètò tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nílò wọn mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n á sì lọ sùn. Dorier kọ ọ́. Ó gbé gbogbo kóòdù rẹ̀ síta kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì lò ó láì san kọ́bọ̀, àwọn mìíràn káàkiri ayé sì ti ń bá a fi kún un láti ìgbà yẹn.

Iṣẹ́ tí ètò náà ń ṣe kò nira láti ṣàlàyé. Blockchain jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ owó tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́, tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dá a yí padà. Ti bitcoin bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, ojú ewé tuntun sì ń wọ inú rẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọjà, kò mọ oníbàárà, kò mọ rìsíìtì. Ó kàn mọ̀ pé iye báyìí kúrò ní àdírẹ́sì kan bọ́ sí òmíràn ni. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró láàárín ìwé náà àti ṣọ́ọ̀bù, kí ó máa wò ó, kí ó sì sọ fún oníṣọ́ọ̀bù pé ẹni tó ra ẹrù kẹta ti sanwó. Alárinà yìí ni BTCPay.

Ọ̀nà kan wà tó dà bíi pé ó rọrùn ju èyí lọ: kéèyàn kọ àdírẹ́sì bitcoin kan ṣoṣo síta, kí gbogbo ayé máa sanwó síbẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ìwé àkọsílẹ̀ náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó bá mọ àdírẹ́sì yẹn lè rí gbogbo owó tó wọlé, àdírẹ́sì tí ó ti wá, àti ibi tí wọ́n ná an sí. Fún ẹgbẹ́ tí ìjọba ń ṣọ́ lójú méjèèjì, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìyẹn. BTCPay máa ń ṣẹ̀dá àdírẹ́sì tuntun fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó fẹ́ sanwó. Ohun tó sì jọni lójú jù níbẹ̀ ni pé kọ́kọ́rọ́ tí ètò náà fi ń ṣẹ̀dá wọn kì í ṣe èyí tí a fi ń ná owó. Bíi kóló tí a gbé síta ni: owó ń gba ojú ihò rẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé kóló náà sá lọ kò lè fọ́ ọ. Kọ́kọ́rọ́ ìnáwó wà nílé lọ́wọ́ oní-nǹkan, kò sí lórí ẹ̀rọ náà rárá.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ìdáàṣà, ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Benin tí àwọn Faransé ń pè ní Dassa-Zoumè, tó wà ní nǹkan bí kìlómítà 200 sí Kútọnu. Òkè 41 ni wọ́n máa ń kà mọ́ ìlú náà lórúkọ, níbẹ̀ sì ni títì tó ń bọ̀ láti etíkun ti pínyà: ọ̀kan gba Glazoué àti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Parakou, ìkejì gba Savalou lọ sí Djougou. Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà máa ń rọ́ wá láti gbogbo ìhà síbi ihò àpáta Arigbo. Ìlú tí ẹsẹ̀ kì í dá ni. Ká ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan fẹ́ gbẹ́ kànga ìgbàlódé, tí àwọn ọmọ wọn kan wà ní Kútọnu, àwọn kan ní Èkó, àwọn kan ní Paris, tí wọ́n sì fẹ́ máa gba ìdáwó lọ́nà tí kò sẹ́ni tó máa tì í pa mọ́ wọn lójú. Kí ni wọ́n máa nílò?

Ohun àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà tó ní gígábáìtì 2 ti ìrántí àti 80 ti ìpamọ́ lè gbé e, bóyá a yá a lọ́wọ́ àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà háyà ní Yúróòpù ni o, tàbí a rà á. A ó forúkọ àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó kọ ìlà díẹ̀ tó sọ àdírẹ́sì yẹn àti irú owó tí a fẹ́ gbà, a ó sì pàṣẹ kan tó ń jẹ́ btcpay-setup.sh. Docker, tó ń fi ètò kọ̀ọ̀kan sí àyè tirẹ̀ kí wọ́n má baà dí ara wọn lọ́wọ́, ló máa kó ìyókù wá. Bitcoin Core ló ń bá àwọn kọ̀ǹpútà yòókù láyé sọ̀rọ̀. NBXplorer ń ṣọ́ àdírẹ́sì tó jẹ́ tiwa nìkan nínú ìwé àkọsílẹ̀ náà. PostgreSQL ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìdáwó. BTCPay fúnra rẹ̀ ni ojú tí ẹni tó ń sanwó ń rí. Ẹni tó bá ti lo Linux rí lè parí apá yìí kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Ìgbà náà ni ìdúró bẹ̀rẹ̀. Bitcoin Core kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó máa ka gbogbo owó tó ti rìn láti ọdún 2009, ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ọjọ́ bíi mélòó kan sì nìyẹn fún ẹ̀rọ tí kò lágbára. Gbogbo àkọsílẹ̀ náà ti ju gígábáìtì 600 lọ. A lè sọ fún un kó máa da èyí tó ti gbó nù bó ṣe ń kà á, kí ó fi ti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gígábáìtì 80 fi tó. Àmọ́ kó tó dà á nù, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà á wọlé, ibi tí ẹni tó ń ra dátà fóònù ní Ìdáàṣà ti máa ké nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́n á jẹ́ kí ẹ̀rọ háyà tó wà lókè òkun ṣe ìyẹn, tàbí kó gbé kọ̀ǹpútà kékeré rẹ̀ lọ sí Kútọnu níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti já geere, kó tó gbé e padà gun òkè. Kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́: Raspberry Pi ò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, iná tó ń jẹ kò sì tó ti gílóòbù àtijọ́, nítorí náà pánẹ́ẹ̀lì oòrùn kan pẹ̀lú bátìrì lè gbé e.

Bí iná bá lọ ńkọ́? Owó tó ti wà lórí àkọsílẹ̀ kò lọ síbì kankan. Nígbà tí iná bá dé, ẹ̀rọ á bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, á sì bá wọn dọ́gba. Ojú ìwé ìdáwó nìkan ni kò ní ṣí. Ti Lightning le ju ìyẹn lọ. Ọ̀nà àbùjá yẹn, tó ń jẹ́ kí owó kékeré rìn lọ́gán, ń béèrè pé kí ẹ̀rọ wà lójúfò, nítorí pé bó bá sùn jù, ẹni tó wà ní ìkejì ọ̀nà lè gbé àkọsílẹ̀ àtijọ́ jáde kó sì fi gba owó tí kì í ṣe tirẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ Lightning náà sì wà lórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń kó owó kànga jọ kò nílò rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Lórí iye owó, àwọn ará Benin rí àǹfààní kan tí àwọn ará Nàìjíríà kò ní. BTCPay gba oní-nǹkan láyè láti kọ òfin bí wọ́n ṣe máa ṣírò owó ìlú sí bitcoin. Láti ọdún 1999 ni yúrò kan ti jẹ́ sefa 655.957 láì yẹ̀. Nítorí náà, ìlà kan ṣoṣo ti tó: kí ètò náà wo iye bitcoin ní yúrò, kí ó sì fi 655.957 sọ ọ́ di púpọ̀. Náírà kò dúró lójú kan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi náírà ṣírò gbọ́dọ̀ wá ibi tí wọ́n ti ń sọ iye rẹ̀ lójoojúmọ́, kó sì pinnu ẹni tó máa gbà gbọ́.

Ibi tí ètò ọ̀fẹ́ yìí parí sí nìyẹn. Ó lè gba bitcoin wọlé, kò lè sọ ọ́ di sefa tí agbẹ́kànga máa gbà. Ìyẹn wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, àti lọ́wọ́ òfin. Àwọn ará Èkó mọ bí òfin ṣe lè yí: ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 2021, kò tíì pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìwọ́de náà, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé kí báńkì kankan má ṣe dá sí irú owó bíi bitcoin mọ́, oṣù kejìlá ọdún 2023 ni wọ́n tó tú u. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, láàárín ìgbà yẹn, báńkì kan náà gbé eNaira, náírà orí ẹ̀rọ tirẹ̀, jáde lórí Hyperledger Fabric, òun náà ètò blockchain tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ àjọ IMF yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé lọ́sẹ̀ kan, nínú àpò eNaira 100, ó lé ní 98 tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Kóòdù tó ṣí sílẹ̀ kò fipá mú ẹnikẹ́ni lò ó.

Ìtọ́jú ló kù, òun sì ni kì í tán. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa pàṣẹ btcpay-update.sh nígbà tí ẹ̀dà tuntun bá jáde, nítorí pé ihò tí àwọn olè lè gbà wọlé wà lára ohun tí wọ́n ń dí nínú rẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ san owó háyà ẹ̀rọ kó tó pẹ́ jù. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ pín kọ́kọ́rọ́ ìnáwó, kí ó má baà bá ẹnì kan wọ ilẹ̀ lọ. BTCPay gba pé kí kọ́kọ́rọ́ jẹ́ mẹ́ta, kí méjì nínú wọn fọwọ́ sí i kí owó tó jáde: akápò lè mú ọ̀kan ní Ìdáàṣà, kí ìkejì wà ní Kútọnu, ìkẹta ní Èkó. Kí wọ́n tó gba ìdáwó gidi, wọ́n lè kọ́kọ́ fi owó ìdánrawò tí kò níye lórí dán gbogbo rẹ̀ wò, títí kan kí ẹnì kan díbọ́n pé kọ́kọ́rọ́ òun ti sọnù.