Bí Alóre Katapílà Bá Ké, Ẹ Wádìí Kí Ẹ Tó Náwó

Ẹ rọra ka ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí kò bá yé yín, ẹ tún un kà.

Gbogbo wa ni a mọ katapílà agbẹ́lẹ̀, èyí tí ó ní ọwọ́ gígùn àti garawa onírin eléyín. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń wa òkúta ẹfun tí a fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Ó ń wa yàǹgí tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà. Ó sì lè gbẹ́ adágún tí yóò gba omi òjò fún abúlé. Nílẹ̀ Kétu wa yìí, níbi tí omi kànga ti jìn, èyí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé òjò ku ọ̀sẹ̀ méjì, adágún kò tíì jìn tó, katapílà sì dúró. Iná pupa tàn níwájú awakọ̀. Ẹnìkan ní, “Sẹ́ńsọ̀ ló kú. Ẹ lọ ra tuntun ní Kútọnu.” Wọ́n dá owó jọ, wọ́n rà á, wọ́n fi í sí i. Iná pupa ṣì ń tàn. Owó ti lọ, òjò sì ń bọ̀. Kí ni wọn kò ṣe? Wọn kò wádìí.

KÍ NI SẸ́ŃSỌ̀?

Ẹ rántí ẹnu ibodè Ìdènà ní ìlú Kétu. Láyé àtijọ́, ẹ̀ṣọ́ máa ń dúró níbẹ̀, ohun tí ó bá rí ni ó máa ń ránṣẹ́ rẹ̀ sí ààfin. Ọba kò jáde, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn odi.

Bẹ́ẹ̀ ni katapílà ayé ìsinsìnyí rí. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ni ọba. Sẹ́ńsọ̀ jẹ́ ẹ̀rọ kéékèèké tí ń ṣọ́ bí ọ́ìlì ṣe lágbára tó, bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí tó. Alóre ni wọ́n. Wáyà sì ni ọ̀nà tí iṣẹ́ wọn ń gbà dé ààfin.

Bí ìròyìn búburú bá dé, ohun mẹ́ta ni a ó kọ́kọ́ rò. Ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ òótọ́. Alóre lè ti bàjẹ́. Ọ̀nà lè ti já. Ẹni tí ó bá sáré dá alóre lẹ́bi kò ṣe ẹjọ́ dáadáa. Àwọn àgbà ní, “Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.”

BÍ A ṢE Ń WÁDÌÍ

1. Ẹ gbé garawa kalẹ̀ kí ó fara kan ilẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọwọ́ katapílà tí ó wà lókè.

2. Ẹ wò ó bóyá òótọ́ ni. Bí alóre bá ní ọ́ìlì kò lágbára, ẹ yọ irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì, kí ẹ wò ó. Bí ó bá ní omi gbóná, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kí ẹ tó ṣí ìdérí omi. Omi gbígbóná lè bó ènìyàn lójú.

3. Ẹ kọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi hàn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pa á rẹ́. Níhìn-ín ni ìwé tí ẹ kọ́ ti wúlò. Lára ọ̀pọ̀ katapílà, apá méjì ni nọ́ńbà náà ní. Apá kan ń sọ alóre tí ọ̀rọ̀ kàn, apá kejì ń sọ irú àìsàn náà. Bí apá kejì bá jẹ́ 3, iná tí ó dé ti ga jù. Bí ó bá jẹ́ 4, ó ti kéré jù. Bí ó bá jẹ́ 5, wáyà lè ti já.

4. Ẹ fi ojú tẹ̀lé wáyà láti alóre lọ. Ẹ wo ibi tí irin ti ń ha á, nítorí katapílà ń gbọ̀n púpọ̀. Ẹ wo ibi tí eku ti jẹ ẹ́. Ẹ tú ojú ìsopọ̀, kí ẹ wò ó bóyá omi tàbí eruku ọyẹ́ ti wọ̀ ọ́, tàbí bóyá ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti mú un.

5. Kí mẹkáníìkì fi mítà wọn iná. Bátìrì katapílà ń fúnni ní fólítì 24, ṣùgbọ́n fólítì 5 péré ni ọ̀pọ̀ alóre ń gbà. Irú èyí sábà máa ń ní wáyà mẹ́ta: ọ̀kan ń gbé iná wá, ọ̀kan ń dá a padà, ẹ̀kẹta ń gbé iṣẹ́ lọ. Ẹ yọ alóre, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wọn ẹnu wáyà. Bí fólítì 5 kò bá sí níbẹ̀, ẹ má tíì ra alóre.

Àmọ́, alóre púpọ̀ lè jọ máa mu iná kan náà. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ó lè pa ẹnu àwọn yòókù. Bí nọ́ńbà púpọ̀ bá yọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ máa yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ yọ tí iná fi padà ni ọ̀daràn.

6. Alóre tí ń ṣọ́ ooru sábà máa ń ní wáyà méjì. Bí nọ́ńbà bá ní iná kéré jù, ẹ yọ alóre náà. Bí ọ̀rọ̀ bá yí padà sí “ó ga jù”, wáyà dára, alóre ni ó bàjẹ́. Bí kò bá yí padà, ó ṣeé ṣe kí wáyà máa fara kan irin.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Ẹ má ṣe fi gílóòbù dán wáyà kọ̀ǹpútà wò, ó lè ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ lu ara wáyà, omi yóò gba ibẹ̀ wọlé. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe dí alóre lẹ́nu kí iná pupa lè kú. Bí ọ́ìlì bá tán ní tòótọ́, ẹ́ńjìnnì yóò jó, kò sì sí ẹni tí yóò kìlọ̀ fún yín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ AKẸ́KỌ̀Ọ́

Ohun mẹ́ta wo ni ó lè mú kí iná pupa tàn? Kí ni ẹ ó ṣe sí nọ́ńbà tí ẹ bá rí? Ta ni ní abúlé yín tí ó ń bá katapílà ṣiṣẹ́? Ẹ ka ìwé yìí sí i létí.

Ó dìgbà.