Oògùn Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀ CML: Lílò Rẹ̀ àti Ohun Tó Lè Ṣe Lára

Imatinib ni oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú CML, oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó máa ń rọra jẹ èèyàn fún ọdún díẹ̀ kó tó le. Láti ọdún 2003 ni ilé-ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń fún àwọn aláìsàn ní oògùn náà lọ́fẹ̀ẹ́, lábẹ́ ètò tí ilé-iṣẹ́ Novartis àti àjọ Max Foundation jọ gbé kalẹ̀. Oògùn nìkan ni ọ̀fẹ́. Owó àyẹ̀wò àti owó ọkọ̀ ń bẹ lọ́rùn aláìsàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba kọ́bọ̀ kan kí orúkọ aláìsàn tó lè wọlé. Ẹni tó bá ní òun mọ ẹnì kan nínú ọ́fíìsì, jìbìtì ló fẹ́ lù.

Ẹni tí oògùn náà wà fún

Kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni imatinib ń bá jà. Àbùkù kan nínú kròmósómù ló ń fa CML. Ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí i ní 1960, orúkọ ìlú náà ni wọ́n sì fi ń pè é. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń béèrè èsì àyẹ̀wò BCR-ABL, èyí tó ń fi àbùkù náà hàn, kí wọ́n tó fúnni ní oògùn. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ọ̀tùn lè kọ́kọ́ yà sí ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì kọ lẹ́tà fún un, dípò kó gba Adó, Aràmọkọ, Ìtàwúrẹ́ àti Iléṣà dé Ifẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Ara yíyá kọ́ ni ìwòsàn

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀ tí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ imatinib, iye sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, ọlọ inú tó le gbandi ní apá òsì ikùn á rọ̀, ìró tí kò ṣeé so tẹ́lẹ̀ á ṣeé so. Oúnjẹ á máa wọlé. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń gbé oògùn sórí kọ́bọ́ọ̀dù, tí wọ́n á gba oko lọ. Bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì tó lábùkù ṣì wà nínú mùdùnmúdùn egungun, oògùn ló kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí oògùn bá dáwọ́ dúró, á tún hù, ó sì lè padà wá ní ìpele tó gbóná, tí àtiwo rẹ̀ ṣòro gidigidi.

Àwọn mìíràn kì í dá a dúró pátápátá: wọ́n á lò ó lónìí, wọ́n á fi ọ̀la sílẹ̀, kó lè pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan a máa bù ú fún aládùúgbò tó ní kókó lọ́mú. Oògùn ìyẹn kọ́, ti aláìsàn fúnra rẹ̀ sì ti dín. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2010 láti ìlú London wo aláìsàn 87 tó ti ń lo imatinib fún ọdún púpọ̀. Nínú àwọn tí oògùn tí wọ́n lò kò ju ìwọ̀n 80 nínú 100 lọ, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí àrùn náà relẹ̀ dé ibi tí dókítà ń fẹ́. Ẹni tó bá fo ọjọ́ 6 lóṣù ti bọ́ sí ìwọ̀n yẹn.

Bí ara bá le kankan, bí àyẹ̀wò bá dára, bí ó jẹ́ àsìkò kíkọ ebè, oògùn kì í dúró. Òótọ́ ni pé àwọn dókítà kan ń dán ìdádúró wò fún ìwọ̀nba aláìsàn tí àrùn wọn ti relẹ̀ pátápátá fún ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò lemọ́lemọ́ ni wọ́n fi ń ṣọ́ wọn. Dókítà ló ń pàṣẹ rẹ̀.

Nítorí ìdí kan náà, kí aláìsàn gbéra nígbà tí oògùn bá ṣì kù tó ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó dúró títí oògùn fi tán kó tó wá owó ọkọ̀ ti pàdánù ọjọ́ tí kò ṣeé dá padà.

Ohun tí oògùn lè ṣe lára

Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ fún àgbàlagbà ni 400 mg lójúmọ́, pẹ̀lú oúnjẹ àti omi ife ńlá kan. Ẹni tó lò ó lórí ikùn òfo ni ìrìndọ̀ máa ń dà láàmú jù. Ìpéǹpéjú lè wú láàárọ̀, pajápajá lè mú ẹsẹ̀ lóru, ìgbẹ́ lè ṣàn, ara sì lè yún. Àwọ̀ lè mọ́ ju tàtẹ̀yìnwá, débi pé ará ilé á ní aláìsàn ti ń bóra. Kò sí ewu níbẹ̀. Èyí tó yẹ kó yára débi dókítà ni ibà tó dé 38°C, ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde nímú tàbí lẹ́rìgì, ojú pípọ́n bí ìyeyè, àti mími tó ń nira.

Ẹ̀dọ̀ ló ń lọ imatinib. Oògùn ikọ́ ife tó ń jẹ́ rifampicin máa ń dín agbára rẹ̀ kù, àgbo sì lè dá kún iṣẹ́ ẹ̀dọ̀. Kí aláìsàn dárúkọ gbogbo ohun tó ń mu. Dókítà kò ní nà án. Obìnrin tó ń lò ó kò gbọdọ̀ lóyún láìjẹ́ pé ó ti bá dókítà jíròrò, kò sì gbọdọ̀ fún ọmọ lọ́mú.

Bí imatinib kò bá ran aláìsàn lọ́wọ́, nilotinib tàbí dasatinib lè rọ́pò. Ikùn òfo ni wọ́n ń lo nilotinib ní tirẹ̀, kó má baà dá wàhálà sílẹ̀ fún ọkàn. Dasatinib lè fa omi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró.

Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ yòókù

Èyí tó ń dé wàràwàrà, ní ọmọdé tàbí àgbà, kẹ́mò ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ nílé-ìwòsàn. Ti ALL, ọ̀kan nínú wọn, máa ń gbà tó ọdún méjì sí mẹ́ta. Irun á re, ẹnu lè bó, oògùn kẹ́mò tó ń jẹ́ vincristine lè mú ìgbẹ́ le tàbí kí ìka máa jẹni bí èèrà. Òmíràn, daunorubicin, máa ń mú kí ìtọ̀ pọ́n fún ọjọ́ kan sí méjì, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ibà nínú kẹ́mò kì í dúró de ilẹ̀ mọ́: lóru náà ni kí wọ́n gbé aláìsàn lọ sí ilé-ìwòsàn.