Bàbá àgbà fẹ́ kó ọmọ-ọmọ lọ wo kìnnìún ní Kainji, àwọn ọmọ ní ọ̀nà ò dáa: Wàhálà tó ń bẹ nínú ìrìn àjò ẹbí nílẹ̀ Ìgbómìnà

Kò sí ìpàdé ẹbí tó le tó èyí tí wọ́n fi ń ṣètò ìrìn àjò. Ìpàdé ogún gan-an rọrùn jù ú lọ, torí ẹni tó kú ti kú, ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pín sì wà níbi tó wà. Àmọ́ kí wọ́n ní àwọn fẹ́ kó bàbá ẹni ọdún 82, ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, ọmọ márùn-ún, àwọn ìyàwó àtàwọn àna, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, kí wọ́n kó gbogbo wọn lọ wo ẹranko nínú igbó ìjọba, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ariwo ni yóò gba ilé kan.

Kì í ṣe ilé ẹnì kan là ń sọ o. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Òmù-Àrán, ó pọ̀ ní Èsìẹ́, ó pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ọdún Kérésì tàbí Iléyá ló máa ń kó wọn jọ. Èyí á ti Èkó wá, tọ̀hún á ti Àbújá wá, èyí tó wà ní London náà á dé pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá àmọ́ tí wọn kì í fi dáhùn. Wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á ya fọ́tò. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, kálukú ti kojú sí fóònù rẹ̀. Ibẹ̀ ni bàbá á ti wúkọ́, tí á ní òun ti ṣèlérí fáwọn ọmọ yìí láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn pé òun máa mú wọn lọ wo kìnnìún ní Kainji, òun ò sì fẹ́ kú lónígbèsè.

Kí ló kan bàbá Ìgbómìnà kan pẹ̀lú Kainji? Àwọn ọmọ ìwòyí ò mọ̀ pé ti Kwara ni ibẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ lọ́dún 1967, Borgu wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà títí di oṣù kẹjọ ọdún 1991 táwọn ológun gé apá tó pọ̀ níbẹ̀ fún ìpínlẹ̀ Niger. Káíámà àti Baruten ló ṣẹ́kù. Láàárín ọdún mẹ́rìnlélógún yẹn, tíṣà tó bá ń gbowó oṣù lọ́wọ́ ìjọba Kwara, ibi tí wọ́n bá gbé e lọ ló ń lọ. Wọ́n lè gbé ọmọ Òmù-Àrán lọ sí New Bussa, kó lọ máa kọ́ ọmọ Bàrìbá níwèé. Bussa àtijọ́, ní àgbègbè ibi tí òyìnbó Mungo Park ti bá odò Ọya lọ lọ́dún 1806, ti wà lábẹ́ omi ìdídò Kainji tí wọ́n ṣí lọ́dún 1969. Ẹni tó bá gbé ibẹ̀ nígbà náà mọ ìtàn yìí bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀.

Igbó náà sì tóbi. Igbó ẹranko méjì, Borgu àti Zugurma, ni wọ́n pa pọ̀, tí òfin ọdún 1979 sì sọ di ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Téèyàn bá kó ìpínlẹ̀ Èkó kan àti ààbọ̀ jọ, ibẹ̀ ló máa gbà á. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń lọ, torí nígbà náà ni koríko gbẹ, tí ẹran ń wá sétí odò Oli wá mumi. Erinmi wà níbẹ̀, ọ̀bọ wà níbẹ̀. Ní ti kìnnìún, ibi méjì péré làwọn tó mọ̀ sọ pé ó ṣẹ́kù sí ní Nàìjíríà, Kainji àti Yankari.

Ní Amẹ́ríkà, irú ìrìn àjò yìí ní mọ́tò tiẹ̀. Bí ẹni kọ́ ilé sórí táyà ni: bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà nínú rẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ò gbẹ́yìn. Ìdílé á wà á lọ sí Yellowstone, ọgbà tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1872, wọ́n á gúnlẹ̀ síbi tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì sùn sínú mọ́tò wọn. Bí ọmọ London bá dá a lábàá pé kí wọ́n wá irú ẹ̀ yá, ẹ̀rín ni wọ́n á fi dá a lóhùn. Ta ló fẹ́ wa ilé gba inú kòtò?

Bọ́ọ̀sì náà ni. Elérò méjìdínlógún kan ò lè kó wọn, àfi kí wọ́n gba méjì tàbí kí wọ́n wá Coaster. Bàbá á jókòó níwájú, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ìyá àgbà nílò ibi tí á na ẹsẹ̀ sí. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá fínra ò lè jókòó wákàtí mẹ́ta láì sọ̀kalẹ̀ lọ tọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n á ti dúró kí wọ́n tó kúrò nílé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ta ló máa san owó epo? Àwọn tó wà nílé á ní kí ti London san án, ti London á ní ṣé orí igi ni wọ́n ti ń já pọ́n-ùn. Láàárín gbogbo ẹ̀, ìyàwó kan á tún béèrè pé ṣé kò yẹ kí wọ́n rán aṣọ ẹbí. Ẹ ò rí nǹkan!

Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló ń dá wọn dúró. Ọ̀nà ni. Èèyàn lè gba Ìlọrin lọ sí Jẹ́bà, kó sọdá Ọya sí Mọ́kwá, níbi tí omíyalé ti pa èèyàn tó lé ní 200 ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2025. Ó sì lè gba Káíámà lọ sí Wawa. Ibi yòówù kó gbà, inú igbó kan náà ló ń lọ, igbó ọ̀hún sì ti kọjá ti ẹranko. Lọ́dún 2021, àjọ tó ń bójú tó àwọn ọgbà náà dá iṣẹ́ dúró ní Kainji nítorí àwọn agbébọn. Lẹ́yìn náà làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ kan, Mahmuda, tó fi ibẹ̀ ṣe ibùba. Oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni Nuhu Ribadu, olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò, kéde pé ọwọ́ ti tẹ olórí wọn. Inú àwọn èèyàn dùn, àmọ́ ẹni tó ní ọmọ-ọmọ mọ́kànlá ò ní torí ìyẹn kó wọn wọgbó.

Àwọn kan á ní kí wọ́n kúkú lọ sí Old Oyo National Park, tí òfin ọdún 1991 dá sílẹ̀, tí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú rẹ̀. Ó dáa, àmọ́ igbó náà fẹ̀gbẹ́ kan Kwara, ẹni tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí ní ọ́fíìsì wọn ní Ọ̀yọ́. Àwọn mìíràn á dárúkọ omi Òwu ní Ọ̀wá-Kájọlà, tó ń já látorí àpáta tó ga tó ọgọ́rùn-ún mítà. Ó rẹwà, ilé ni. Àmọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ló wà, níbi tí wọ́n ti pa àwọn fijilanté ní Òkè-Òde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Nígbà tó tún di oṣù kọkànlá, wọ́n kó àwọn olùjọsìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Èrúkù. Ohun tó ń dun àwọn àgbà nìyí: kì í ṣe Kainji nìkan ló ti jìnnà, oko ẹ̀yìnkùlé náà ti fẹ́ máa jìnnà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìpàdé bẹ́ẹ̀ á parí sí ni Èsìẹ́. Kò sí ẹranko níbẹ̀, ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló wà níbẹ̀. Ọdún 1933 ni òyìnbó Ramshaw tó ń bẹ ilé ìwé wò ròyìn wọn fún ìjọba, wọ́n sì kọ́ ilé fún wọn lọ́dún 1945, mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Títí dòní, ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé báyìí lorúkọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Ìtàn ìlú sọ pé àlejò ni wọ́n, tí wọ́n sọ wọ́n di òkúta. Àwọn kan di àdá mú, àwọn kan jókòó sórí àpótí, irun orí àwọn obìnrin wọn sì tó nǹkan tí ìyá àgbà kan lè dúró tì fún wákàtí kan, kó máa sọ fáwọn ọmọ-ọmọ bí wọ́n ṣe ń di irú ẹ̀ nígbà tóun wà lọ́mọge. Orúnkún rẹ̀ náà á gbà á, torí kò jìnnà sílé.

Bàbá ò ní gbà bọ̀rọ̀. Á ní òkúta kì í bú ramúramù. Àwọn ọmọ á bẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní tí ọ̀nà bá dáa, Kainji ò ní sá lọ. Á dákẹ́ díẹ̀, á béèrè pé ta ló ń wa bọ́ọ̀sì náà, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó ń sáré. Lẹ́yìn náà á ní kí wọ́n bá òun gbé fìlà òun àti ìgò omi wá, kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó síwájú o.