Pápá Bàálù Wà ní Ìdó, Mọ́tò La Fi Ń Lọ Sílé

Mọ́tò Iléṣà kò tíì kún ní gáréèjì Òṣogbo lọ́jọ́ kan nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan jókòó tì mí, báàgì ńlá méjì lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti ń bọ̀. Mo ní, "Ẹ kú àbọ̀, bàbá. Ẹ kú ewu ọ̀nà." Ó ní, "Ọmọ mi, òfuurufú ò ni mí lára. Láti Èkó wá síbí ni kí o kí mi kú ewu."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó tó 5,000 kìlómítà, bàálù sì ń fi nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà àbọ̀ rìn ín. Láti pápá bàálù Ìkẹjà ní Èkó sí Òṣogbo, bí ẹyẹ ṣe ń fò, kò pé 200. Mọ́tò ni bàbá wọ̀, ilẹ̀ ṣú bá a lọ́nà, ó sì di dandan kó sùn ní Ìbàdàn.

Bẹ́ẹ̀ a ní pápá bàálù láti ayé òyìnbó, ní Ìdó-Ọ̀ṣun lẹ́bàá Òṣogbo. Àwọn ọmọ Ìdó máa ń sọ pé níbẹ̀ ni bàálù ti kọ́kọ́ balẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 1936. Ará Kano kò ní gbà. Ní tèmi, Kano ló jàre: ní November 1925 ni bàálù ológun mẹ́ta láti Cairo balẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ọdún Ìdó ṣeré. 1936 gan-an ni ilé-iṣẹ́ Imperial Airways bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà gba Khartoum wá sí Kano, lọ́dún yẹn kan náà ló sì nà án dé Èkó. Bàálù ìgbà náà kì í fò jìnnà láìsọ̀kalẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rí pápá lójú ọ̀nà. Mo gbà pé ohun tó bí pápá Ìdó nìyẹn. Ẹ wò ó: lẹ́tà òyìnbó rí ibi balẹ̀ sí nílẹ̀ wa, bàbá wa kò rí.

Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ọmọ Iléṣà tó jẹ́ gómìnà Ọ̀ṣun nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ àtúnkọ́ pápá náà ní 2012, wọ́n sì fi orúkọ M.K.O. Abíọ́lá pè é. Iṣẹ́ náà ń dúró, ó ń tún bẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí.

Bàbá kò tilẹ̀ bèèrè bàálù. Òṣómàáló ni bàbá tirẹ̀, ó ní, àwọn tó ń ta aṣọ láwìn, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi gba owó wọn. Ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, kò ya Iléṣà, nítorí náà ẹsẹ̀ ló fi ń wá wọkọ̀, ẹrù aṣọ lórí. Ó ní bàbá òun sọ pé òun rí bàálù kan rí tó ń rẹlẹ̀ sí apá Ìdó, tí àwọn àgbẹ̀ sì ju ọkọ́ sílẹ̀. Ọdún wo? Kò mọ̀.

Mọ́tò kún. Ó gbé báàgì kan lé itan mi, a forí lé Iléṣà.