Ìdí tí Ìwà Odò Fi Yàtọ̀ Síra

Kò sí ẹni tó ń rin ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò mọ Odò Ọbà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi rẹ̀ a máa rọra ṣàn láàrin òkúta. Bí ó bá di oṣù Kẹsàn-án, a kún, a pọ́n, a sì máa hó. Kí ni ó fà á?

Èkíní ni ilẹ̀. Òkúta líle ni ó wà lábẹ́ erùpẹ̀ agbègbè wa. Omi òjò kò lè rì jìnnà, nítorí náà àwọn odò kéékèèké a máa tètè kún, wọn a sì máa tètè gbẹ. Nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́, iyanrìn ojú odò ni a ń gbẹ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn kí a tó rí omi pọn.

Èkejì ni ìdagẹ̀rẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dà, omi a sáré, a sì máa wọ́ erùpẹ̀ lọ. Níbi tí ó bá tẹ́jú, a fà sẹ́yìn, a sì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni igi àti koríko, tí ń dá òjò dúró kí ó lè rọra wọlẹ̀. Níbi tí a bá ti gé wọn tán, òjò wákàtí díẹ̀ a di omíyalé.

Ẹ̀kẹrin ni ibi tí odò ti ń bọ̀. Orí òkè ilẹ̀ Gínì ni Odò Ọya ti ṣẹ̀. Omi rẹ̀ a tàn ká inú àbàtà gbígbòòrò ní ilẹ̀ Málì, a sì pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìkún rẹ̀ kejì fi ń dé àríwá Nàìjíríà nígbà ọyẹ́, nígbà tí òjò kò rọ̀ rárá.

Ìwà ilẹ̀ tí odò là kọjá ni odò ń hù. Odò Ọ̀gùnpa ní Ìbàdàn kò tó nǹkan lójú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn; ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ó gbé ilé, ó sì gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí. Odò kò yí ìwà padà. Àwa ènìyàn ni a kọ́lé sí ọ̀nà rẹ̀, tí a sì da pàǹtí dí i.

Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ń gbòòrò lónìí. Ẹ̀yin òbí àti ẹlẹgbẹ́ wa, bí a bá ra ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà òjò ni odò yóò wá béèrè tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi àwọn àgbà àdúgbò ibi tí omi ń dé, kí a tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.

Àwọn baba wa ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Àwa náà sọ pé ẹni tó bá gbàgbé ọ̀nà odò, omi yóò rán an létí. Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n ẹni tó kọ́lé sórí àpáta.