Ìràwọ̀ Ọlọ́wọ́ Márùn-ún

Òkúta mábù tí wọ́n ń fọ́ n'Ígbẹ́tì funfun bí ẹ̀kọ. Ẹ fi ọ̀bẹ ha díẹ̀ níbẹ̀, ẹ po eruku rẹ̀ mọ́ omi lórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi maikiroskóòpù wò ó: ẹ ò ní rí ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Òkúta yẹn ti lò ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ, ooru abẹ́ ilẹ̀ sì ti sè é yí padà. Àwọn ìràwọ̀ tí mò ń sọ kò tíì dáyé nígbà náà.

Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ni ilé wọn. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga epo ní Niger Delta ń wú wọn jáde. Discoaster ni onímọ̀ nípa ilẹ̀ kan, Tan Sin Hok, sọ wọ́n lọ́dún 1927. Ewéko tíntín tó máa ń léfòó lójú òkun nígbà kan rí ló ń fi wọ́n bo ara bí ìpẹ́ ẹja. Ewéko náà ti kú run ní nǹkan bí 1.9 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ìpẹ́ rẹ̀ ló kù. Bí ẹ bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 100, ìràwọ̀ kan kò ju ẹyọ kan tàbí méjì níbẹ̀ lọ.

Kíka ọwọ́ ìràwọ̀ láti mọ irú tó jẹ́ ló ń ṣi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ọlọ́wọ́ mẹ́fà ni D. brouweri, ó sì tẹ ọwọ́ rẹ̀ sísàlẹ̀ bí irin agbòjò. Ṣùgbọ́n ọ̀kan lè kán, kó ku márùn-ún. Àlàfo ni kí ẹ wò: ibi tí ọwọ́ ti kán á fẹ̀ ju ìyókù lọ. D. pentaradiatus, ọlọ́wọ́ márùn-ún gidi, a máa là lórí ọwọ́ bí pàlàká igi. Ti D. quinqueramus kò là, ṣóńṣó ni, kókó kan sì yọ láàárín rẹ̀ bí ìdodo ọmọ tuntun. D. berggrenii ló jọ ọ́ bí ìbejì, àmọ́ àárín tirẹ̀ fẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kúrú. Èmi a máa wo àárín kí n tó wo ọwọ́, torí ẹfun inú ilẹ̀ lè gbára jọ sára ọwọ́ títí yóò fi sanra, tí pàlàká á dí.

Èyí tó wù mí jù ni kí a fi gíláàsì méjì tó ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀ dábùú ara wọn. Ọ̀pọ̀ ìpẹ́ ewéko òkun mìíràn á tàn yanran. Discoaster á pòórá, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fìtílà rẹ̀ pa, torí kirisitálì rẹ̀ dojú kọ ìmọ́lẹ̀ gan-an. Àmọ́ D. pentaradiatus kì í ṣókùnkùn tán; á máa ṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀.

Quinqueramus kú run ní nǹkan bí 5.5 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Bí irin kànga bá ń lọ sísàlẹ̀, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ yọjú nínú ẹrẹ̀ tó gòkè wá, wọ́n ti mọ ọjọ́ orí ilẹ̀ tí irin ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, kí wọ́n tó rí epo kankan.