Ta Ní Ń Ṣọ́ Ayẹ̀wé-owó-wò?

Olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì ní Ute, tó sì fi owó àjẹmọ́nú rẹ̀ ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ńlá, kò láàyè láti yẹ ìwé ìṣirò ibẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ayẹ̀wé-owó-wò ni yóò gbà gbọ́. Òfin 1965 tó dá ICAN sílẹ̀ fi ìbáwí àwọn oníṣirò owó lé ẹgbẹ́ tiwọn lọ́wọ́. Ní 2006, Cadbury Nigeria kéde pé èrè tí a ti kọ sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan ju òótọ́ lọ. Akintola Williams Deloitte ló yẹ ìwé náà wò. Àjọ SEC bu ìtanràn mílíọ̀nù 20 náírà lé e ní 2008, owó tí kò tó nǹkan fún irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin 2011 ló gbé àjọ FRC kalẹ̀: àjọ ìjọba ni, kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn, ó sì láṣẹ láti forúkọ wọn sílẹ̀ àti láti yẹ iṣẹ́ wọn wò.